Ìbíjọkẹ́ àti Rélùwéè Ilẹ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Mọ̀

"Àlá kan ni mo lá lóru àná. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tíì bá mi sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ títí n ó fi rò ó tán."

Báyìí ni Ìbíjọkẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, ní ilé ìwòsàn ojú kan ní Ìlọrin. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú lójú fèrèsé ni. Bísóyè, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń po ògì fún un. Àlàájà Sàfúrátù, tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn àgbà méjèèjì yìí.

Bísóyè ń po ògì náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí ni pé ní ìrọ̀lẹ́ àná, ìyá rẹ̀ ti di gbogbo ẹrù rẹ̀ sínú báàgì, ó sì ti wí pé, "Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ilé là ń lọ. Kò sí ẹni tí yóò fi ọ̀bẹ kan ojú mi láyé yìí." Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún tó kọjá, ilé ìwòsàn yìí kan náà ló ti yọ́ jáde pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n fi wọ̀ ọ́ fún iṣẹ́ abẹ, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀fà, àwọn èrò inú ọkọ̀ sì rò pé wòlíì ni. Obìnrin kan tilẹ̀ kúnlẹ̀ fún un kó gbàdúrà fún òun. Ìbíjọkẹ́ gbà á fún un, torí pé ọ̀nà jìn.

Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn. Awọ funfun tó bo ojú òsì Ìbíjọkẹ́ ti nípọn. Bí wọn kò bá yọ ọ́ báyìí, ojú náà lè má ṣe é ṣe mọ́, ti ọ̀tún tó ṣì ń rí fìrífìrí yóò sì tẹ̀ lé e.

Ohun tó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu ni pé agbẹ̀bí ni Ìbíjọkẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ìdajì àwọn tó ń rìn kiri Ọ̀fà lónìí, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí nígbà tí wọ́n dé ayé. Bísóyè ti sọ ọ́ fún un ní àná pé, "Màámi, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún àwọn aboyún pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé kò ní dùn wọ́n."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn," ni Ìbíjọkẹ́ dá a lóhùn. "Mo mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa."

Ohun kan wà tí Ìbíjọkẹ́ fẹ́ràn ju ohun gbogbo lọ, ìyẹn ni rélùwéè. Kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń wọ̀ o. Àwọn kékeré ni, tí wọ́n fi irin ṣe ní àwòrán èyí tó tóbi, orí rélùwéè nìkan, èyí tó máa ń fa àwọn yòókù. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ kúùkù nínú ọkọ̀ òkun ló mú àkọ́kọ́ wá fún un. Àwọ̀ ewé ni, wọ́n sì kọ nǹkan sí i lára ní irú lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ní Ọ̀fà. Tíṣà wò ó, ó mi orí. Àlùfáà wò ó, ó ní kì í ṣe Hébérù. Lemọ́ọ̀mù wò ó, ó ní kì í ṣe Lárúbáwá. Àbúrò náà fúnra rẹ̀ kò rántí èbúté tó ti rà á. Inú Ìbíjọkẹ́ sì dùn dé ẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ náà, rélùwéè ilẹ̀ tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nìkan ló ń wá. Bí ènìyàn bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé tó mú ti Gẹ̀ẹ́sì wá fún un, á dúpẹ́, á sì gbé e fún ọmọ aládùúgbò. Á ní, "Ìyẹn ti gbogbo ayé ni. Ẹ bá mi wá ti ibi tí a kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn." Báyìí ló ṣe ní ti Bòlífíà, ó ní ti Mòngólíà, ó ní ti Látífíà, ó sì ní ti Páragúáì. Ní ìrọ̀lẹ́, á gbé wọn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí pẹpẹ, á fi aṣọ nù wọ́n, á gbé wọn súnmọ́ ojú, á sì máa bi wọ́n pé, "Níbo lò ń lọ? Àwọn wo ló wọ̀ ọ́? Kí ni wọ́n ń jẹ lọ́nà?" Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí awọ ojú náà ti dé, gbogbo wọn ti di àwọ̀ kan náà. Ìka ló fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Kò sọ ọ́ síta, àmọ́ èyí dùn ún ju pé kò rí ọ̀nà ilé ìjọsìn mọ́ lọ.

"Ẹ rò ó ká gbọ́," ni Àlàájà wí. "Nínú àlá náà, ṣé òru ni àbí ọ̀sán?"

"Ọ̀sán ni, Àlàájà. Ojúmọ́ ti mọ́ kedere."

Ohun tó rò fún wọn nìyí.

Ìbíjọkẹ́ wà ní pálọ̀ rẹ̀ ní Ọ̀fà, ó ń gún iyán nínú fìlà ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé. Fìlà náà kò ya, iyán náà sì kúnná. Bó ṣe ń gún un lọ, ó gbọ́ tí ẹnìkan húkọ́ lórí pẹpẹ. Ó gbójú sókè, ó rí i pé rélùwéè Bòlífíà ló ń tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn Èkìtì ni ó fi sọ ọ́. Èyí kò ya Ìbíjọkẹ́ lẹ́nu, torí ó ti gbọ́ pé orí òkè ni rélùwéè Bòlífíà ń rìn. Ó rò ó lọ́kàn pé kò sí bí nǹkan ṣe máa pẹ́ lórí òkè tí kò ní fọ Èkìtì.

"Màmá," ni rélùwéè náà wí, "ẹ gbé ọmọ odó yẹn sílẹ̀. Àkókò ti tó."

"Àkókò kí ni?"

"Àkókò ìrìn àjò. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ máa ń bi wá pé níbo là ń lọ, ká tó la ẹnu, ẹ ti gbé wa padà sórí pẹpẹ. Ẹ bọ́ sínú ẹ̀gbọ́n wa yìí kí ẹ lọ fojú rí i." Ó fi orí tọ́ka sí aláwọ̀ ewé. Aláwọ̀ ewé kàn súfèé lẹ́ẹ̀kan, nítorí kò sí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọ inú wọn?" ni Ìbíjọkẹ́ bèèrè. "Wọn kò gùn ju bàtà ọmọ jòjòló lọ."

"Bàtà tiyín ló ń jẹ́ kí ẹ tóbi. Ẹ bọ́ ọ."

Ìbíjọkẹ́ rò ó wò, ó rí i pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ó bọ́ bàtà, ó sì di ìwọ̀n ẹ̀pà. Inú bí i díẹ̀ pé ó ti ń wọ bàtà láti kékeré tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un.

"Ẹ̀pà oníhóró mélòó?" ni Àlàájà dá a dúró.

"Oníhóró kan, Àlàájà. Mi ò sanra tó bẹ́ẹ̀."

Ó wọlé. Inú ọkọ̀ náà gùn, ó mọ́ tónítóní, ó sì ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Awò ojú ló kún orí gbogbo ìjókòó. Kò sí ènìyàn tó wọ̀ wọ́n o, awò nìkan ni. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn. Ìbíjọkẹ́ dá gbogbo wọn mọ̀. Àwọn awò tí òun ti lò láyé òun ni wọ́n, èyí tó sọnù, èyí tó já bọ́ sínú kànga àti èyí tí òun gbàgbé sí ilé ẹlẹ́rìndòdò.

"Ẹ kú ìjókòó o," ni ó kí wọn.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá," ni gbogbo wọn jùmọ̀ dáhùn. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n fi òwú so ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ kó lè ráyè jókòó. Ó ní, "Èmi lẹ jókòó lé lórí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí Bísóyè."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Mi ò rí yín ni."

"A kò bínú. Bí ẹ bá ń rí wa ni, ẹ kì bá tí nílò wa."

Gbogbo awò inú ọkọ̀ náà rẹ́rìn-ín, jígí wọn sì ń dún wínníwínní. Ìbíjọkẹ́ bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ní àwọn ń lọ fẹ̀yìn tì, pé àwọn gbọ́ pé iṣẹ́ ti fẹ́ tán lọ́wọ́ àwọn.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ó wà nínú ìwé ìròyìn." Ẹlẹ́sẹ̀ òwú yí ìwé náà sí i kó lè rí i. Ìbíjọkẹ́ kò rí ohunkóhun kà níbẹ̀, àmọ́ ó mi orí bí ẹni tó ti kà á tán, ó sì ní iṣẹ́ ìjọba nira lóòótọ́.

Lójijì, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìbíjọkẹ́ yọ orí lójú fèrèsé. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó sì ń rùn bí àdí àgbọn. Igbó pọ̀ lápá ọ̀tún, igbó pọ̀ lápá òsì, àárín wọn sì ni ọkọ̀ ń gbà. Ó wò ó títí, ló bá rí i pé kì í ṣe igbó. Irun ni. Orí obìnrin kan tí wọ́n ń di ṣùkú fún ni wọ́n wà, ìlà tó wà láàárín irun náà ni rélùwéè ń tọ̀. Obìnrin náà tó ìlú Ọ̀fà.

"Ẹ rọra o!" ni obìnrin náà kígbe láti ìsàlẹ̀. "Ẹ ń fa ìpàkọ́ mi!"

"Jókòó jẹ́ẹ́," ni ohùn onídìrí dún láti ojú ọ̀run. "Wọ́n ti fẹ́ dé òkè. Ìwọ lo ní ṣùkú lo fẹ́."

Gbogbo ẹni tó bá mọ ṣùkú ló mọ̀ pé kò sí ìlà tí kì í parí sí àtàrí. Nígbà tí wọ́n dé òkè, ibẹ̀ ni gbogbo rélùwéè Ìbíjọkẹ́ pàdé. Ti Mòngólíà gba ìlà etí ọ̀tún gòkè, ti Páragúáì gba ti iwájú orí, ti Bòlífíà dé ṣáájú gbogbo wọn nítorí òkè ti mọ́ ọn lára. Bí wọ́n ṣe rí aláwọ̀ ewé, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, èéfín wọn bo ilẹ̀. Inú Ìbíjọkẹ́ dùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń ronú bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Kò mọ̀ pé bí a ṣe ń kí ara wa náà ni.

Ọ́fíìsì ibùdó náà kò sí nílẹ̀. Òkè ló wà, ó léfòó bí ìwé tí àwọn ọmọdé máa ń so òwú mọ́ kó lè fò, òwú dúdú tí wọ́n fi ń di irun ni wọ́n sì fi so ó mọ́ àtàrí obìnrin náà. Àwọn awò inú ọkọ̀ ló fà á sọ̀kalẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń fa omi nínú kànga. Tábìlì kan wà níbẹ̀ àti òṣùwọ̀n kan. Ọ̀gá ibùdó jókòó lẹ́yìn tábìlì, bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ ń dán, igbákejì rẹ̀ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bínú láìnídìí.

"Ilẹ̀ wo lẹ ń lọ?" ni ọ̀gá bèèrè.

"Mi ò mọ̀, sà."

"Ó dára. Ẹni tó bá mọ̀, a kì í jẹ́ kó kọjá. Ẹrù wo lẹ gbé?"

"Mi ò gbé ẹrù, sà. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ohùn yín kò yé mi. Ẹrù ni àbí ẹ̀rù?"

"Ẹ̀rù ni, sà."

"Ọ̀kan náà ni lọ́dọ̀ wa. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n."

Ìbíjọkẹ́ fọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó sì rí i pé ẹ̀rù náà ṣe é yọ. Ó fà á jáde. Ewé ni. Ìdì ewé tútù ńlá kan ni, bí ẹni tó ti oko dé. Bó ṣe gbé e lé òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n kígbe pé, "Yéè! Ẹ̀yìn mi o!" Igbákejì ọ̀gá ní eléyìí pọ̀ jù, pé òfin kò gbà á, pé odindi ọkọ̀ kan kò lè gbé e.

Ọ̀gá wo ewé náà, ó wo Ìbíjọkẹ́. "Màmá, ẹnìkan ṣoṣo kò lè ní èyí. Níbo lẹ ti kó o?"

"Ibi iṣẹ́ mi ni, sà," ni Ìbíjọkẹ́ wí. "Agbẹ̀bí ni mí. Bí ẹ̀rù bá ń ba ẹni tó ń rọbí, màá ní kó di ọwọ́ mi mú, kó kó ẹ̀rù náà fún mi. Wọ́n sì máa ń kó o fún mi lóòótọ́. Mi ò mọ ibi tí mò ń kó o sí láti ọjọ́ yìí wá."

Bó ṣe dé ibí yìí, Bísóyè dá ọwọ́ dúró nínú ògì. Tẹ̀sùbáà Àlàájà dákẹ́. Ìbíjọkẹ́ kò tilẹ̀ kíyè sí wọn, ó ń bá ìtàn rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá ibùdó dìde. Ó tú ìdì ewé náà, ó wá a dé ìsàlẹ̀, ó fa ẹyọ kan yọ, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ti ìyá mi rèé," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. "Ìyá mi sọ fún mi pé obìnrin kan di òun lọ́wọ́ mú lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Màmá, mo fẹ́ dúpẹ́. Mo fẹ́... mẹ̀ẹ̀." Ló bá di òbúkọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, fìlà iṣẹ́ rẹ̀ ṣì dúró dáadáa láàárín ìwo méjèèjì.

"Ẹ kú ìwo tuntun, sà," ni Ìbíjọkẹ́ kí i. Kò sí ohun tí ènìyàn ń ṣe tí a kì í kí i sí.

"Mẹ̀ẹ̀," ni ọ̀gá dáhùn. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀rù náà. Ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ti gbààwẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Igbákejì rẹ̀ fi ọwọ́ lu tábìlì, ó ní, "Ọ̀gá, òfin ò gbà á! Òfin ò... mẹ̀ẹ̀!" Òun náà di ewúrẹ́, ìbínú rẹ̀ rọlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì gba apá kejì ìdì náà. Wọ́n jẹ ti àwọn ìyá ìbejì, wọ́n jẹ ti àwọn tí àkọ́bí wọn pẹ́ kó tó ké, wọ́n jẹ títí òṣùwọ̀n fi mí kanlẹ̀.

Nígbà tó ku ewé ẹyọ kan, òbúkọ náà dúró. Ó fi imú tì í sọ́dọ̀ Ìbíjọkẹ́, ó sì fọ Yorùbá ketekete pé, "Èyí tiyín ni. Ẹ mú un dání. Ẹni tí ẹ̀rù kò bà rárá kì í wo ibi tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀."

Ìbíjọkẹ́ dúpẹ́, ó ki ewé náà bọ etí gèlè rẹ̀. Kò wúwo ju ìyẹ́ adìyẹ lọ.

"Ẹ wò ó, ewúrẹ́ yẹn gbọ́n ju ọkọ mi lọ," ni Àlàájà wí kẹ́lẹ́.

Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kì í mọ ibi tó yẹ kí oúnjẹ parí sí. Igbákejì ọ̀gá ti jẹ ewé tán, ó wá rí òwú tí wọ́n fi so ọ́fíìsì mọ́lẹ̀, ó sì jẹ ẹ́. Ọ́fíìsì gbéra. Ó léfòó pẹ̀lú tábìlì àti òṣùwọ̀n àti ewúrẹ́ méjì àti Ìbíjọkẹ́, ó fò kọjá orí obìnrin onírun, ó fò kọjá àwọn òkè àti omi kan tí kò lópin, ó sì rọra balẹ̀ láàárín kùrukùru.

Gbogbo ibẹ̀ funfun. Kò yàtọ̀ rárá sí bí Ìbíjọkẹ́ ṣe ń rí ayé láti ọjọ́ pípẹ́. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn. Ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ èdè kan tí kò gbọ́ rí. Ó sì mọ̀ pé ìkíni ni, torí pé bí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀ kó lè dáhùn. Ó ní, "Ẹ ǹ lẹ́ o." Wọ́n rẹ́rìn-ín, inú wọn dùn.

Obìnrin kan wá súnmọ́ ọn. Òórùn ọṣẹ ń bẹ lára rẹ̀. Obìnrin náà sọ ọ́ ní Yorùbá pé, "Ẹ wo òkè, Màmá. Ẹ má mira." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di etí kùrukùru náà mú nílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a bí ẹní.

Ó ká a díẹ̀, Ìbíjọkẹ́ rí irin méjì tó ń kọ mànà nílẹ̀. Ó tún ká a, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yọ, ó tóbi ju ilé lọ, aláwọ̀ ewé ni, ewé bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ìbíjọkẹ́ ti gbàgbé pé àwọ̀ ewé rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó tún ká a, àwọn èrò yọ, pẹ̀lú fìlà onírun lórí, wọ́n ń jẹ ohun pupa kan tí wọ́n fi ewé wé, wọ́n sì ń fún ara wọn jẹ. "Haà," ni Ìbíjọkẹ́ wí nínú àlá náà, "ohun tí wọ́n ń jẹ lọ́nà nìyẹn!" Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ohun gbogbo ní ibi tó parí sí, ohun gbogbo ní àwọ̀ tirẹ̀.

Lókè orí àwọn èrò náà, pátákó gígùn kan wà tí wọ́n kọ orúkọ ìlú náà sí. Irú lẹ́tà ara aláwọ̀ ewé ni, gàdàgbà gàdàgbà. Ìdajì ti yọ. Kùrukùru ṣì bo ìdajì kejì.

"Ó ku díẹ̀," ni obìnrin ọlọ́ṣẹ náà wí. Ó tẹ̀ síwájú, ó tún ẹní kùrukùru náà gbá mú, ó ń ká a, ó ń ká a...

Ìbíjọkẹ́ sì jí.

Kò rí nǹkan kan ju òjìji lọ, gẹ́gẹ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Àmọ́ etí rẹ̀ gbọ́ ìró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ṣìrìrì, ṣìrìrì. Àlàájà Sàfúrátù ti kírun òwúrọ̀ tán. Ó ń ká ẹní rẹ̀.

"Èmi ni?" Àlàájà ju tẹ̀sùbáà sílẹ̀. "Ẹní tèmi ló jí yín kí ẹ tó ka orúkọ ìlú náà?"

"Ẹ̀yin ni, Àlàájà."

"Ẹ foríjì mí. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo rọra ká a."

"Kò sí ohun tí mo fẹ́ foríjì. Ẹ ti ká a débi tó dára. Èyí tó kù ni mo fẹ́ kí wọ́n bá mi ká."

Bísóyè gbé ògì sílẹ̀. Àkókò yìí ni nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan wọlé, ó wo báàgì tí wọ́n ti dì sórí àga, ó sì tú ojú ká.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Wọ́n ní ẹ ti di ẹrù yín láti àná. Ṣé ilé lẹ ń lọ?"

"Ilé ni mò ń lọ," ni Ìbíjọkẹ́ wí, "àmọ́ kì í ṣe lónìí. Ọmọ mi, ṣé ó máa dùn mí?"

Nọ́ọ̀sì náà ṣí ẹnu láti sọ ohun tí gbogbo nọ́ọ̀sì máa ń sọ. Ìbíjọkẹ́ gbé ọwọ́ sókè. "Òótọ́ ni kí o sọ fún mi. Iṣẹ́ yìí kan náà ni mo fi fẹ̀yìn tì."

Nọ́ọ̀sì náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Abẹ́rẹ́ yẹn máa ta yín díẹ̀, Màmá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó máa gbọ́ wa, ẹ ó sì rí ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, àmọ́ kò ní dùn yín. Ẹ̀rù lè máa bà yín. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan ìtìjú."

"Ó ṣeun," ni Ìbíjọkẹ́ wí. "Èmi ò sọ ọ́ dáadáa báyẹn rí. Ta lẹ kọ́kọ́ ń mú?"

"Àlàájà ni."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣáájú mi," ni Àlàájà wí kíá. "Èrò ń dúró dè wọ́n níbi kan."

Wọ́n mú Ìbíjọkẹ́ lọ. Ó di ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà mú pinpin láti ẹnu ọ̀nà títí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà tán. Nọ́ọ̀sì náà kò gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ní ọjọ́ kejì, dókítà wá tú báńdéèjì. Ó ní kí Ìbíjọkẹ́ rọra la ojú, kó má kánjú. Ìbíjọkẹ́ la ojú. Ìmọ́lẹ̀ ta á, ó di ojú padà, ó tún là á. Ògiri yọ. Fèrèsé yọ, pẹ̀lú igi máńgò kan níta. Àlàájà Sàfúrátù yọ pẹ̀lú báńdéèjì lójú, ó ń rẹ́rìn-ín sí apá ibi tí ẹnikẹ́ni kò sí. Lẹ́yìn náà ni Bísóyè yọ, tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láìborí, tó ń wò ó bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò.

Ìbíjọkẹ́ wo ọmọ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Bísóyè," ni ó wí, "ewú ti dé orí rẹ."

"Ó ti pẹ́, Màámi."

"Ó ti pẹ́? Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́," ni Bísóyè wí. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ máa ń fọwọ́ pa mí lórí, ẹ máa ń ní orí mi dúdú minimini bíi ti bàbá mi."

"Dìde. Súnmọ́ ibi fèrèsé."

Ìbíjọkẹ́ di orí ọmọ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bó ṣe máa ń ṣe sí rélùwéè tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ tí òun kò gbọ́ rí dé. Ó ń wo ewú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti iwájú orí lọ sí ìpàkọ́. Nọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú oògùn, ó dúró. Dókítà ní kí Màmá sinmi, pé ìyẹn tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Ẹ ní sùúrù, dókítà," ni Ìbíjọkẹ́ wí. "Mi ò tíì wò ó tán."